Ìyá Ló Ń Dáhùn Lẹ́nu Ọ̀nà

Nílé Martha ní Ìjerò, ọmọ kì í jẹ́ ìpè tó bá ti ìta wá. Òfin yẹn ti wà láti kékeré Nathaniel. Bí ẹ wà ní yàrá, bí ẹ wà lẹ́yìnkùlé, bí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ yín láti òde, ẹ panu mọ́. Martha ní gbogbo ohùn kọ́ ló ń pe èèyàn sí ire. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà, tí á máa bó ẹ̀gúsí.

"Ta ló ń pè? Ta lẹ fẹ́ rí nínú ulé yìí?"

Bó bá ti gbọ́ èsì, á yíjú sínú ilé. "Nathaniel, ìwọ ni." Tàbí, "Peace, jáde wá."

Ọmọ méjì yìí náà ló bí. Peace kú ní ìgbà òjò tó kọjá. Ibà ni. Wọ́n rò pé yóò lọ bí ibà tí í lọ, àfi bó ṣe mú un lọ.

Wọn kò jẹ́ kí Martha tẹ̀lé òkú. Ìyá kì í mọ ibojì ọmọ rẹ̀. Bí àwọn àgbà ṣe bá a náà nìyẹn, ìjọ Àpọ́sítélì kò sì yí i padà. Nathaniel bá wọn lọ. Ó mọ ibẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá bi í, kò gbọdọ̀ sọ. Martha kò tilẹ̀ bi í. Ohun tó bi í nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni pé, "Ohùn rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ sin ìyẹn náà mọ́ ọn ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Nathaniel gbé sùn, òun náà ló gbé jí.

Àtúnṣe fóònù ni Nathaniel ń ṣe nítòsí gáréèjì. Ìwé rẹ̀ kò lọ jìnnà. Ìwé kẹta girama ló wà nígbà tí bàbá wọn kú, ibẹ̀ ló sì dúró. Ṣùgbọ́n ó ń wo fídíò lórí fóònù, ó sì ti fi kọ́ JavaScript díẹ̀díẹ̀. Èdè tí wọ́n fi ń bá ojú ewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀ ni: bí wọ́n bá tẹ ibí, ṣe báyìí, bí wọ́n bá tẹ ọ̀hún, ṣe tọ̀hún. Peace a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀.

"Ẹ wo ojú pírófẹ́sọ̀! Ẹ̀rọ ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu, adìyẹ Màámi kò gbọ́."

Peace wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ó ti kọrin ní Ìpòtì, ó ti kọrin ní Ìjurìn, ó kọrin dé Ẹ̀fọ̀n. Ohùn rẹ̀ wà lórí fóònù àwọn èèyàn káàkiri. Nathaniel wá ṣe ojú ewé kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ní ohùn Peace lọ́wọ́ á fi ránṣẹ́ síbẹ̀. Ohùn kọ̀ọ̀kan ní bọ́tìnì tirẹ̀, àwòrán Peace kékeré wà lára rẹ̀. Tẹ̀ ẹ́, Peace á kọrin.

Ó ṣí i sórí fóònù ìyá rẹ̀. Martha tẹ ìkíní. Orin ìkórè ni. Ó gbọ́ ọ tán, kò sunkún. Ó tún un tẹ̀. Látọjọ́ náà ni fóònù ti ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ẹ̀gúsí, ní ṣíṣí, láti àárọ̀ títí di alẹ́.

Ibì kan wà tí Nathaniel ti ṣì í. Bọ́tìnì kò dédé mọ̀ pé wọ́n tẹ òun. Èèyàn ní láti fún un ní ohun tí yóò fi gbọ́. Nathaniel ń pe ohun náà ní etí. Bọ́tìnì tí kò bá ní etí, tẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, òkúta ni. Nathaniel sì ti ṣètò pé bí ojú ewé bá ti ń ṣí, kó fún gbogbo bọ́tìnì tó bá wà níbẹ̀ ní etí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dé lẹ́yìn ìyẹn kò rí etí gbà.

Àwọn ohùn tuntun ń dé. Martha rí i tí wọ́n ń jáde lábẹ́ àwọn ti tẹ́lẹ̀. Ó tẹ ọ̀kan. Kẹ́kẹ́ pa.

"Nathaniel, èyí kò dá mi lóhùn."

"Ẹ tì í, Màámi, kí ẹ tún un ṣí."

"Bí mo bá tì í, ṣé yóò tún padà wá?"

"Yóò padà wá."

Martha wo fóònù, ó wo ọmọ rẹ̀. "Ohun tí wọ́n sọ fún mi nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ sí ọsibítù náà nìyẹn." Kò tì í.

Nathaniel bá lọ tún un ṣe. Ó ní bí ohùn tuntun bá ti dé, kí ẹ̀rọ yí gbogbo bọ́tìnì po, kó fún gbogbo wọn ní etí. Kò rò ó dé òpin. Tuntun rí etí gbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ti ní etí tún gba òmíràn mọ́ ọn. Ní ọjọ́ kejì Martha tẹ orin ìkórè, Peace méjì ló dáhùn. Ọ̀kan ṣáájú, ọ̀kan ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, wọ́n ń kọrin lu ara wọn. Fóònù gbóná, ojú ewé gan pa, ohùn méjèèjì kò sì dákẹ́. Martha ju fóònù sínú ẹ̀gúsí.

"Peace kan ni mo bí!"

"Màámi, àṣìṣe mi ni. Ẹ̀rọ ni."

"Gbọ́ mi." Ó yọ fóònù jáde nínú ẹ̀gúsí. "Tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá tún kọ̀ mí, tàbí tó tún di méjì, kí o pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. N kò lè máa pe òkú kí òkú máa fi mí ṣeré."

Nathaniel kò lọ sí sọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé. Ó gbé kọ̀ǹpútà tó ti fọ́ lójú jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Bó bá pa ohùn wọ̀nyí rẹ́, kò sí ibi tí Martha yóò gbà bá ọmọ rẹ̀ pàdé mọ́. Sàréè, wọn kò fi hàn án. Ohùn nìkan ló kù. Ó ń wo àwọn etí tó ti fi sára bọ́tìnì, ìkan lórí ìkan, kò mọ èyí tí yóò yọ.

Ibẹ̀ ló wà tí ẹnìkan fi ké láti ojú títì.

"Peace o! Peace! Jáde wá o, olè kúlà ti dé!"

Mercy ni, ọmọ Odò-Ọwá, ọ̀rẹ́ Peace nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ó ti lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Àkúrẹ́. Àwọn akọrin ti sọ láàrin ara wọn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ túfọ̀ fún un lórí fóònù, kó dé ilé ná. Ó délé lóòótọ́, ó kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó tíì rí i sọ fún.

"Peace! Ṣé ò ń bá mi bínú síbẹ̀ ni?"

Martha gbé àwo ẹ̀gúsí sílẹ̀.

"Ta ló ń pe Peace?"

"Èmi ni mà. Mercy ni. Ẹ kúulé mà. Ẹ bá mi ní kó jáde. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ránṣẹ́ sí i, kò fèsì. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kúlà tí mo yá yìí ni." Ó gbé kúlà oúnjẹ aláwọ̀ búlúù lé orí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Sọ kúlà kalẹ̀, ọmọ mi. Jókòó."

"Peace ńkọ́ mà?"

"Èmi ni mo dá ọ lóhùn," Martha wí. "Peace kò sí mọ́."

Kúlà já bọ́. Ìdérí rẹ̀ yí gbirigbiri wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dúró lẹ́bàá ẹsẹ̀ Nathaniel.

Wọ́n sunkún tó ẹkún. Nígbà tí ó rọlẹ̀, Nathaniel ṣì jókòó síbẹ̀. Wọ́n pe Peace. Peace kò ní etí tí yóò fi gbọ́. Síbẹ̀ ìpè náà kò bọ́ sílẹ̀. Ó kọjá lára ẹni tí wọ́n pè, ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ọmọ tí wọ́n bá bí sínú ilé yìí lánàá, tàbí àlejò tó bá wọ̀ ọ́ lónìí. Kò sẹ́ni tí ń yí wọn po láti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dáhùn. Etí Martha ti tó gbogbo wọn.

Ó gbé kọ̀ǹpútà. Ó yọ gbogbo etí kúrò lára bọ́tìnì, kò ku ọ̀kan. Ó wá fi ẹyọ kan ṣoṣo sára férémù tó gba gbogbo wọn sínú. Ó ti gbọ́ ọ nínú fídíò rí, kò kàn yé e ni: bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnì, títẹ̀ náà kì í pin síbẹ̀. Ó ń gòkè ni bí èéfín, láti ara bọ́tìnì dé ara ohun tó gbà á sínú. Etí tó wà lókè á gbọ́, á sì bèèrè: èwo ni wọ́n tẹ̀? Ohùn èyí tí wọ́n bá tẹ̀ ni yóò gbé jáde.

Ó ní kí Mercy dán an wò lórí fóònù tirẹ̀. Mercy tẹ̀ ẹ́, bọ́tìnì kò fọhùn. Àwòrán ló fọwọ́ kàn, kì í ṣe bọ́tìnì, ẹ̀rọ kò sì mọ ilé ẹni tí àwòrán wà. Nathaniel fi ọ̀rọ̀ kan kún un: láti ibi tí ọwọ́ bá kàn, wòkè títí o ó fi rí bọ́tìnì tó ni ín. Bí o kò bá rí ọ̀kan, dákẹ́. Mercy tún tẹ̀ ẹ́. Peace kọrin, ohùn kan.

Nathaniel fi ìṣètò tuntun sórí fóònù ìyá rẹ̀, ó dá a padà sí àyè rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. "Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti gbọ́," ó wí fún Mercy. "Èyí tó ń bọ̀ ló kù. Ṣé o ní ohùn rẹ̀ lọ́wọ́?"

"Mo ní ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orin, Bọ̀ọ̀dá. Ọ̀rọ̀ lásán ni."

"Fi ránṣẹ́."

Bọ́tìnì kan yọ jáde lórí fóònù Martha, nísàlẹ̀ pátápátá. Wọn kò tì í, wọn kò tún un ṣí. Martha nu ọwọ́ sára ìró.

"Ṣé yóò dáhùn?"

Nathaniel sún fóònù mọ́ ọn. "Ẹ tẹ̀ ẹ́, Màámi."

Ó tẹ̀ ẹ́.

"Mercy, ọ̀rẹ́ burúkú! Kúlà Màámi dà? Ojoojúmọ́ ló ń bi mí. Ó ní bí kúlà òun kò bá dé, kí n má wọlé òun mọ́. Gbé e wá o, jọ̀ọ́." Ó rẹ́rìn-ín. Adìyẹ kan ké lẹ́yìn rẹ̀. Ó tán.

Martha yíjú sínú ilé, bó ti máa ń ṣe nígbà tó bá fẹ́ pe ọ̀kan nínú wọn.

"Ó ti dé," ó wí. "Peace, kúlà ti dé. Wọlé."

Ó na ọwọ́ sí Nathaniel, ó gba ìdérí. Lẹ́yìn náà ó bu omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ kúlà náà.