Obìnrin Tí Wọ́n Fi Ìtàkùn Hun

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni Bàbá Onígbàálẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì, tí kò lè wọn pákó mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí sì ti bá ọkọ rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ló bá gba iṣẹ́ ewé gbígbá nínú igbó ìgbafẹ́ tó wà lẹ́yìn ìlú. Yàrá kan ni wọ́n fún un lẹ́nu géètì: bẹ́ẹ̀dì kan, àga kan, ife kan. Ó ní ta ni òun fẹ́ ra ife kejì fún, ṣé ọ̀kẹ́rẹ́ ni?

Lọ́dún kan, ìjì wó igi ńlá kan. Bàbá bẹ ọ̀gá ọgbà pé kó fi kùkùté rẹ̀ sílẹ̀ fún òun. Ó ń já ìtàkùn, ó ń hun ún lé kùkùté náà lórí, ó ń fi amọ̀ dí inú rẹ̀, ó sì fi èèpo igi ṣe aṣọ fún un. Oṣù mẹ́rin gbáko. Nígbà tó parí, obìnrin kan ló jókòó síbẹ̀, tó dẹ orí sí ọ̀tún bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn ń wá ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè ẹni tó jẹ́, Bàbá á ní igi lásán ni.

Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ọmọ rẹ̀ wá kí i. Ó dúró níwájú ère náà.

"Màámi nìyí," ló wí nígbà tó yá. "Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ni wọ́n máa ń dẹ orí sí, Bàbá. Etí òsì nìkan ni wọ́n fi ń gbọ́ràn."

Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí Bàbá fi ń pe obìnrin yìí tí kì í dáhùn. Ìgbéraga ló pè é. Ìgbà mìíràn wà tó bá a yan odì odindi ọ̀sẹ̀ kan.

"Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

"Wọ́n ní ìdààmú tiyín ti pọ̀ tó."

Ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ náà lò. Nígbà tó lọ, Bàbá bu omi sí ọrùn ère náà kó lè yí orí rẹ̀ padà, àmọ́ ìtàkùn tó ti gbẹ kò ṣeé tẹ̀. Ó fẹ́ẹ̀ dá mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó fi í sílẹ̀. Ó gbé bẹ́ǹṣì tó máa ń jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère náà kúrò lápá ọ̀tún, ó gbé e sí òsì. Oòrùn ọ̀sán a máa ta á lójú níbẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló ń jókòó sí.