Ìka-Òjò àti Ẹ̀rọ Olójú Gíláàsì

Ìtàn yìí kò ní ọba, kò sì ní iwin. Eku kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, okùn ni wọ́n sì fi so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ọmọ mi obìnrin ní yàrá káàdì ilé ìwòsàn. Ọmọ náà ló sọ fún mi pé eku ni wọ́n ń pe nǹkan ọ̀hún nítorí ìrù rẹ̀. Bó bá ti dì í mú tó ń tì í kiri orí tábìlì, nǹkan kan á máa rìn lójú kọ̀ǹpútà.

Ìka-Òjò ni wọ́n ń pe ọmọ mi níbi iṣẹ́. Bó bá gbé ọwọ́ lé kíbọọ̀dù rẹ̀, á máa ró bí òjò tó ń pa páànù. Ọdún méjìlélógún ló ti fi jókòó sẹ́yìn káńtà yẹn, kì í sì í wo ọwọ́ rẹ̀. Ojú aláìsàn ló máa ń wò. Á ní, "Ẹ kú ìnira o, ṣé ẹ rí oorun sùn?" ìka rẹ̀ á sì máa dá ṣiṣẹ́ tiwọn. Èmi ò mọ̀wé rárá, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo bá wá gba oògùn ojú, mo máa ń pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀, kí n lè máa gbọ́ òjò ọmọ mi.

Ó ní bọ́tìnnì méjì wà lára kíbọọ̀dù tó ní kókó tíńtín lórí. Bí ìka rẹ̀ bá ti bá àwọn yẹn, ìka yòókù á bà sáàyè wọn bí ẹyẹ tó bà sórí igi, wọ́n á sinmi. Sísinmi kì í ṣe títẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ó dé ibi iṣẹ́, kò bá kíbọọ̀dù, kò bá eku. Gíláàsì pẹrẹsẹ kan ló bá lórí káńtà. Àwòrán kún ojú rẹ̀: ojú, eyín, egungun, ọmọ ọwọ́. Kéèyàn ṣáà fọwọ́ kan èyí tó bá fẹ́, ẹ̀rọ á darí aláìsàn sí yàrá tó bá a mu. Bó bá di orúkọ kíkọ, lẹ́tà á yọ sójú gíláàsì kan náà.

"Àǹtí, ayé ti yí padà," ni ọ̀gá yàrá káàdì wí. Ọ̀gá yìí kò tó ọmọ mi lọ́jọ́ orí, kì í sì í ṣe èèyàn burúkú. "Ọ̀sẹ̀ méjì la máa fi wò ó. Bí ìlà àwọn aláìsàn bá ń gùn sí i, màá ní láti gbé yín lọ sí yàrá ẹrù, kí ẹ máa to báńdéèjì."

Yàrá ẹrù kò ní fèrèsé. Kò sì sí ojú ẹnikẹ́ni tó lè wò níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, òjò dá. Gíláàsì yẹn kò mọ ohun tó ń jẹ́ sísinmi. Bí ìka ọmọ mi bá ti bà lé e bí ìṣe wọn, ẹ̀rọ á ní ó ti tẹ nǹkan. Ó wá di ẹni tó ń gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró, tó ń fi ìka kan ṣoṣo gún un, tó tẹjú mọ́ ọn. Àwọn aláìsàn ń sọ ẹjọ́ ara wọn fún àtàrí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, bàbá kan dé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí bọ́ọ̀lù. Ọmọ mi tẹ àwòrán eyín. Ló bá gbàgbé, ó gbé ọwọ́ kejì sinmi, orí àwòrán ọmọ ọwọ́ ló sì sinmi lé. Bí wọ́n ṣe pe bàbá wọlé sọ́dọ̀ àwọn aláboyún nìyẹn.

"Bàbá, oṣù mélòó ni?" ni nọ́ọ̀sì ń bi í.

Bàbá fọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Ẹ ṣáà bá mi yọ ọ́!"

Gbogbo ilé ìwòsàn rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, ó jókòó, ó ń fi ìka lu ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Màámi, ọwọ́ mi ti di ọwọ́ àlejò."

Mo gbé ọwọ́ náà lé ẹsẹ̀ tèmi.

Lọ́sẹ̀ kejì, ọjọ́ tí mo ń gba oògùn pé. Èrò kún, ìlà ti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tó kàn mí, ọmọ mi ń bá orúkọ ẹni tó ṣáájú mi jà lọ́wọ́. Ó parí rẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn wá káàdì. Mo na ọrùn wo gíláàsì, mo rí ojú tí wọ́n yà síbẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án. Ó dún, ó tànmọ́lẹ̀.

"Ta ló tẹ ojú?"

"Èmi ni."

"Màámi! Ta ló kọ́ yín?"

"Kí ló fẹ́ kọ́ mi ńbẹ̀? Ojú ń dùn mí, mo rí ojú, mo tẹ̀ ẹ́."

Láti ọdún tí mo ti ń wá síbẹ̀, ẹ̀rọ kankan kò dá mi lóhùn rí. Èyí tó wà tẹ́lẹ̀, ọmọ mi nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. Inú mi dùn. Ó sì dùn mí pé inú mi dùn sí nǹkan tó fẹ́ gba àyè ọmọ mi.

Ọmọ mi wò mí títí. Ló bá dìde, ó yí gíláàsì náà kọjú sí wa. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fa kíbọọ̀dù àtijọ́ jáde, ó ki ẹnu okùn rẹ̀ bọ ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ.

Ọ̀gá sáré dé. "Àǹtí, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Ẹ jẹ́ kí aláìsàn tẹ ibi tó ń dùn ún, òun ló mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí èmi máa kọ orúkọ."

"Báwo lẹ ṣe máa rí ohun tí ẹ̀ ń kọ?"

"Ọ̀gá, ìgbà wo lẹ rí mi kí n máa wò ó? Ẹni tó bá mọ̀wé á wo orúkọ ara rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀wé, màá yí gíláàsì wò ó fún un."

"Ó dáa, ẹ kọ tèmi."

Ọmọ mi tẹjú mọ́ ojú ọ̀gá, òjò sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń kà á sókè lójú gíláàsì: orúkọ rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀, àdúgbò rẹ̀. Ó ní kò sí lẹ́tà kan tó ṣìnà. Ó yí sí ìlà, ó ní, "Ẹni tó kàn!"

Nígbà tó fi di ọjọ́ Ẹtì, bẹ́ǹṣì ti ṣófo kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹlòmíràn ni wọ́n wá fún yàrá ẹrù.

Mo ṣì ń lọ gba oògùn ojú. Mo máa ń tẹ ojú fúnra mi, n óò wá jókòó gbọ́ òjò díẹ̀. Eku nìkan ni kò níṣẹ́ mọ́. Ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ti ká ìrù rẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn.