Èsì Tí Ìyá Ọkọ Mi Fọ̀ fún Obìnrin Inú Fóònù

Nígbà tí mo bí ọmọ mi obìnrin ní Ìjerò, kò ké. Mo ń retí igbe rẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì náà ń retí rẹ̀, títí ọ̀kan nínú wọn fi yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí ojú mi máa fi wálẹ̀ dáadáa, ìyá ọkọ mi ti fi aṣọ wé e, wọ́n sì ti gbé e lọ. Mo bèèrè ibi tí wọ́n gbé ọmọ mi lọ, àwọn tó dúró tì mí ní kí n sinmi. Mo tún bèèrè, wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́.

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti fẹ́ràn òwe yẹn mọ́. Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní ilé-ìwé girama. Bí mo bá bi ènìyàn ní ìbéèrè, ìdáhùn ni mo máa ń fẹ́. Òwe kì í ṣe ìdáhùn. Ta ló tilẹ̀ sọ fún wọn pé agbè ò fọ́? Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?

N kò ní purọ́ pé àjèjì ni àṣà náà sí mi. Lọ́dọ̀ tiwa, òbí kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Àgbà obìnrin inú ilé ní í gbé e. Ìyá kì í tẹ̀ lé e, bàbá kì í sì bèèrè. Wọ́n ní bí ìyá bá mọ ojú ibẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní kúrò níbẹ̀, èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò sì ní rọ́nà wọlé. Èmi gan-an ti bá wọn lọ kí ẹlòmíràn rí, mo sì sọ fún un pé kó gbọ́kàn kúrò. Ó rọrùn láti sọ nígbà tí ọmú ẹni kò kún fún wàrà tí kò rẹ́ni mu ún.

Ó wá kan èmi náà wàyí. Mo ń fi ọ̀já di àyà mi pinpin lábẹ́ aṣọ, mo ń dá àwọn tó wá kí mi lóhùn pé a dúpẹ́. Bí omi bá lé sí mi lójú, wọ́n á ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run ò ní gbọ́ ẹkún lẹ́nu mi, bí ẹni pé Ọlọ́run ò tíì gbọ́ ọ. Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ń rìn yí mi ká bí ìgbà tí ènìyàn bá ń yẹ̀ fún kòtò. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ọmọ lẹ́nu níwájú mi. Wọ́n ń pè é ní "ọ̀rọ̀ yẹn".

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́: kí n mọ ibi tí ọmọ mi wà. N kò fẹ́ hú u, n kò sì fẹ́ kọ́ nǹkan kan lé e lórí. Mo kàn fẹ́ mọ ibi tí màá kọjú sí bí mo bá ń rántí rẹ̀.

Mo bi ọkọ mi. Ó ní òun kò mọ̀. Inú bí mi. Ìyá tó bí i lọ́mọ ló gbé ọmọ náà, ọkọ̀ àbúrò rẹ̀ ni wọ́n fi gbé e, òun wá ní òun kò mọ̀. Ọmọlúàbí ni ọkọ mi, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni ní Aramọkọ, kì í pariwo, bí mo bá sì ń bínú, ṣe ló máa ń lọ fọ mọ́tò. Mọ́tò wa mọ́ lásìkò yẹn ju ti ẹnikẹ́ni lọ ní àdúgbò. Nínú ilé, à ń kí ara wa ní àárọ̀ àti ní alẹ́ bí ayálégbé méjì.

Ìgbà tí mo padà lọ sí ọsibítù kí wọ́n yẹ̀ mí wò ni nọ́ọ̀sì kan gba fóònù mi. Nígbà oyún, mo ti fi áàpù kan síbẹ̀ tó máa ń sọ fún mi bí ọmọ ṣe ń dàgbà sí. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ọmọ ti lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, ó fi ìròyìn ránṣẹ́ pé ọmọ mi ti yẹ kó máa rẹ́rìn-ín sí mi. Nọ́ọ̀sì náà kà á, ó mí kanlẹ̀, ó pa áàpù náà rẹ́, ó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ó ní ti àwọn òbí tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́ ni, pé Yorùbá ló ń sọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún mo ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Fóònù tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé bá ní yàrá mi ló fẹ́ wá rẹ̀ mí lẹ́kún.

Mo ṣí i lọ́jọ́ kan nínú ilé ìdáná, ẹ̀wà wà lórí iná. Ohùn obìnrin àgbà kan ló jáde, ohùn tí kò kánjú. Ó ní, "Ẹ kú ọ̀fọ̀ ọmọ yín. Ọmọ ni. Ẹ lè sunkún rẹ̀." Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀wà jóná, n kò dìde. Láti ọjọ́ tí mo ti bímọ, ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún mi pé ọmọ ni.

Báyìí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ. Ìpín kan wà fún ìyá, ọ̀kan wà fún bàbá, ọ̀kan sì wà fún àwọn òbí àgbà. Ààyè kan wà tí àwọn obìnrin ti ń kọ̀wé sí ara wọn. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé èmi nìkan kọ́ ni mo ń bèèrè ibi tí ọmọ wà. Ààyè kan tún wà tí ènìyàn lè gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, kó bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ àfi ẹni tó ni fóònù. Èyí ni mo fò. Kí ni màá wí fún ẹni tí n kò mọ ọ̀gangan ibi tó wà?

Mo fi áàpù náà sórí fóònù ọkọ mi pẹ̀lú. Ó ní ó ṣeun, ó sì ti fóònù bọ àpò. Mo rò pé ó ti parí síbẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, à ń lọ sí Erijiyan lọ́dọ̀ màmá rẹ̀. Nígbà tí a kọjá Aramọkọ díẹ̀, ó yà sẹ́bàá ọ̀nà, ó ní ẹ́ńjìnnì ti gbóná. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ dúró sẹ́yìn mọ́tò. Nígbà tó pẹ́, mo wò ó nínú dígí. Ó fi fóònù lé etí, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. Ohùn obìnrin náà ni mo gbọ́, ó ń bá àwọn bàbá sọ̀rọ̀.

Ọkọ mi ní, "N kò mọ ibẹ̀. Mo ti bẹ màmá títí, wọn kò dá mi lóhùn. Èmi náà fẹ́ mọ̀."

Mo gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a dúró síbẹ̀ lẹ́bàá igbó kòkó, àwa méjèèjì ń sunkún. Ọlọ́kadà kan dẹwọ́ eré, ó béèrè bóyá mọ́tò ló bàjẹ́. Ọkọ mi ní rárá, pé ó ti ń dára bọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n dá ọkọ mi dúró ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ìpàdé ìkórè. Èmi àti màmá padà sílé. Mo wà ní ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé, mò ń bẹ iṣu, mo gbé fóònù sórí àpótí. Ó wù mí láti mọ ohun tí obìnrin náà ń bá àwọn òbí àgbà sọ, mo bá tẹ̀ ẹ́. N kò mọ̀ pé màmá ti dúró sẹ́yìn mi. Ohùn náà ń wí pé, "Ẹ̀yin ìyá ọkọ, a mọ̀ pé ìfẹ́ lẹ fi ń fi ibi tí ọmọ wà pamọ́ fún ìyàwó yín. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti bi í léèrè ohun tó fẹ́?"

Màmá kì í ṣe ẹni tí fóònù ṣàjèjì sí. Àwọn ọmọ wọn tó wà lẹ́yìn odi máa ń gba ohùn sílẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn lórí Wásáàpù, àwọn náà á sì gba tiwọn padà. Ohun tó sì wá sí wọn lọ́kàn nìyẹn: pé mo ti kó ọ̀rọ̀ ilé jáde, mo ti fi ẹjọ́ wọn sun àgbà obìnrin kan níbì kan, òun ló sì fi ohùn ránṣẹ́ wá láti bá wọn wí. Kò sí ìyàwó ilé tó jẹ́ ṣe irú rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, kó tún máa bẹṣu nílé ìdáná ìyá ọkọ rẹ̀.

Wọn kò pariwo. Wọ́n gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n jọ̀wọ́, kí ẹ̀yin ìyàwó lọ jókòó sí pálọ̀. Bí ìyá ọkọ bá ti ń pe ìyàwó ní ẹ̀yin, kí ìyàwó yáa wá ibi kúnlẹ̀ sí. Mo kúnlẹ̀. Mo ń ṣàlàyé pé kì í ṣe ènìyàn kan pàtó, pé gbogbo ìyá ọkọ ni obìnrin náà ń bá wí. Wọ́n ní ohùn kì í wà láìní ẹnu tó ti jáde, kí n bá àwọn fi èsì ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ẹnu náà.

Wọ́n fa àpótí jókòó, wọ́n tún gèlè ṣọ́ọ̀ṣì wọn wé, bí ẹni tó fẹ́ rojọ́ níwájú àwọn àgbà. N kò mọ bí mo ṣe lè kọ̀ fún wọn. Mo ṣí ààyè tí a ti ń gba ohùn sílẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́, mo sì nà án sí wọn lẹ́nu.

Màmá ní, "Ìwọ obìnrin yìí, mo kí ọ. Wọ́n ti fẹjọ́ mi sùn ọ́, kò burú. Ṣùgbọ́n má rò pé mo gbé ọmọ náà sọnù. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi wẹ̀ ẹ́. Aṣọ tí mo fi pọn bàbá rẹ̀ ni mo fi wé e. Ẹ̀yìn ulé mi níbí ni mo sin ín sí, ní ìdí ọsàn, níbi tó tutù. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbá ibẹ̀."

Ojú fóònù ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ojú mi.

"Àkọ́bí tèmi náà, inú ulé yìí ni mo bí i sí, kò ké. Ìyá ọkọ mi ló gbé e. Wọn kò sọ ibi tó wà fún mi, n kò sì bèèrè, wọn kò tọ́ mi láti bèèrè. Wọ́n kú, wọn kò sọ. Láti ùgbà yẹn, kò sí ibi tí mo tẹ̀ nínú ọgbà yìí tí n kò rọra tẹ̀, torí ó lè jẹ́ ibẹ̀ ló wà. Mo fi í pamọ́ fún ìyàwó mi kí irú rẹ̀ má baà..."

Mo rò pé àwọn fúnra wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ ni.

Wọ́n béèrè bóyá ohùn àwọn ti lọ sọ́dọ̀ obìnrin náà. Mo ní kò lọ síbì kankan, pé inú fóònù mi ló wà, èmi nìkan ni mo gbọ́ ọ. Mo ń dúró de ìbínú wọn. Wọ́n ní kí n dìde, kí n tẹ̀ lé àwọn.

Ìdí ọsàn náà kò jìnnà sí balùwẹ̀. Kò sí òkúta, kò sí àmì. Ilẹ̀ kan ló wà níbẹ̀ tó mọ́ ju ìyókù lọ, ipa ìgbálẹ̀ àárọ̀ sì hàn lára rẹ̀. Mo ti kọjá níbẹ̀ lọ wẹ̀ láìmọye ìgbà. Mo kúnlẹ̀, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ilẹ̀, mo kí ọmọ mi. Màmá dúró lókèèrè díẹ̀, wọ́n ká ọwọ́ kọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Tìrẹ nìyẹn. Tèmi ni n kò mọ̀."

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí tiyín náà wà níbí."

Wọ́n béèrè bóyá ó ṣeé ṣe. Mo ní èmi ni ìyá ẹni tó ni ibẹ̀, mo sì ti yọ̀ǹda. Wọ́n rọra jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tàwọn ti aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹkún sì gbà wọ́n lẹ́nu, ẹkún àtijọ́. N kò sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn náà kò sọ fún mi.

Ibẹ̀ la wà tí ọkọ mi fi dé. Ó pè wá nínú ilé, kò gbọ́ ohùn wa, ó wá gba ẹ̀gbẹ́ balùwẹ̀ yọ sí wa. Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n sí àkọ́bí ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe mọ ara rẹ̀. Màmá na ọwọ́ dá a dúró.

Wọ́n ní, "Rọra tẹ ibẹ̀ yẹn. Ọmọ rẹ wà níbí. Ẹ̀gbọ́n rẹ náà wà níbí."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀ síbi tó wà, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán rìn wá bá wa.