Ìborùn Lójú Géèjì

Òórùn epo dísẹ́ẹ̀lì tó ti gbẹ mọ́ irin ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ bí mo bá rántí yáàdì ẹ̀rọ wa ní Ìkàrẹ́. Ìdí òkè ni yáàdì náà wà. Ó dájú pé o kò tíì gbàgbé ọjọ́ tí o wá kí mi níbẹ̀, tí o ní ibẹ̀ jọ ilé ìwòsàn tí dókítà ti sá kúrò. Àwọn katapílà tò lọ lábẹ́ oòrùn: èyí tó ń gé ilẹ̀, èyí tó ń kó yẹ̀pẹ̀, èyí tó ń tẹ ọ̀nà mọ́lẹ̀. Bí o bá gun èyíkéyìí nínú wọn, wàá rí àwọn géèjì róbótó níwájú ìjókòó awakọ̀ bí ojú aago: ọ̀kan fún ooru omi ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan fún ọ́ìlì, ọ̀kan fún epo. Gbogbo abẹ́rẹ́ inú wọn ló sùn sí apá òsì, níbi tí kò sí ooru, tí kò sí ewu. Wáyà wọn ti já tipẹ́. Ẹni tó bá wò wọ́n láìmọ̀ yóò sọ pé kò sí èyí tó ṣàìsàn rí nínú wọn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, koríko ti hù gba inú rẹ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé nígbà náà ni. Mo gbàgbọ́ pé òtítọ́ ló ń tún nǹkan ṣe. O rántí olùkọ́ wa àgbà, ẹni tó máa ń sọ fún wa pé ẹ́ńjìnnì kì í parọ́, kí a sáà ti fún un lẹ́nu. Géèjì ni ẹnu ẹ́ńjìnnì lójú tèmi. Ọ̀gá yáàdì ní ọ̀ṣọ́ lásán ni, pé awakọ̀ tó bá mọ iṣẹ́ yóò fi etí mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ rẹ̀. Mi ò gbà fún un. Mo ń tú géèjì tó ṣì dára kúrò lára àwọn ẹ̀rọ tó ti kú, mo ń wá òmíràn kiri títí dé Ìbàdàn, mo sì fi ọwọ́ ara mi so wọ́n mọ́ katapílà kékeré kan tí mo fẹ́ràn jù. Abọ́ ńlá wà níwájú rẹ̀ tó fi ń kó yẹ̀pẹ̀, ó sì lè yí po lójú kan bí òkòtó. Ọjọ́ tí mo tan án, tí abẹ́rẹ́ tó ń wọn ooru gbéra díẹ̀díẹ̀ láti ibi tó sùn sí, inú mi dùn bí ẹni tí odi bá sọ̀rọ̀ lójú rẹ̀.

Katapílà yẹn ni wọ́n gbé fún Ọ̀kà láti fi la ọ̀nà gòkè. O mọ ìlú wa, orí àpáta ni. Ní àdúgbò tiwa, lókè pátápátá, ọkọ̀ kankan kò dé ibẹ̀ rí. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gun ún, orí ni wọ́n fi ń ru iṣu dé ibẹ̀, èjìká ni wọ́n sì fi ń gbé aboyún tó ń rọbí sọ̀ kalẹ̀. Orúnkún ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú nígbà yẹn. Bí ó bá lọ ọjà Ìkàrẹ́, tí ó padà dé ìsàlẹ̀ òkè, yóò jókòó sórí òkúta kan, yóò gbé ojú sókè wo ilé rẹ̀ bí ẹni ń wo ilé onílé. Mo rọ̀ ọ́ títí pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi ní Ìkàrẹ́. Ó ní ibi tí ọkọ òun sùn sí ni òun náà máa sùn. Ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ láyé ni kí ọkọ̀ já òun sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé òun. Ó ní bí èyí bá ti lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kí ikú máa bọ̀.

Awakọ̀ tí wọ́n fún katapílà náà, ọmọ Ìkàrẹ́ ni, Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré. Àlùfáà ni gbogbo wa ń pè é. Kò sí ọjọ́ tí kì í bú wa. Yóò dúró lórí ẹ̀rọ, yóò nawọ́ sí òkè, á ní, “Ẹ̀yin ará Ọ̀kà, ta ló lé yín débí? Ewúrẹ́ gan-an kò ní kọ́lé síbí!” Àwọn obìnrin á dáhùn láti ìsàlẹ̀ pé, “Ọmọ Ìkàrẹ́, sọ̀ kalẹ̀ kí o wá jẹun, ebi ló ń pa ọ́.” Ó fẹ́ràn wọn, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Agboolé kan ń gbé oúnjẹ fún un lónìí, òmíràn lọ́la. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n pín omi pípọn fún katapílà, nítorí rédíétọ̀ rẹ̀, àpò omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, ti gbó, ó sì ń jò. Orísun tí ń bẹ lábẹ́ àpáta ni wọ́n ti ń pọn ọ́n, omi tó máa ń tutù wọ eyín, pàápàá nígbà ọyẹ́.

Iṣẹ́ àwọn ọkùnrin ni láti fọ́ àpáta tó bá dí ọ̀nà, bí àwọn baba wa ṣe ń fọ́ ọ. Wọn á kó igi jọ sórí rẹ̀, wọn á dáná sí i títí òkúta yóò fi gbóná kọjá ohun tí ọwọ́ lè sún mọ́, wọn á wá da omi tútù lé e lójijì. Yóò dún gbàù, yóò sì sán. Gbogbo òkè á pàtẹ́wọ́, Àlùfáà á sì tan katapílà láti kó ẹ̀fọ́kù òkúta náà dànù. Báyìí ni ọ̀nà ń gòkè, tí ìyá mi ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí ń retí rẹ̀.

Kí n tó sọ èyí tó dùn mí, ó yẹ kí o mọ ohun kan. Kò sí ìlú kan ní agbègbè wa tí katapílà rẹ̀ lọ gba ìtọ́jú tó sì padà. Àwọn kan lápá Ọ̀bà ní tiwọn rí. Géèjì tirẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, abẹ́rẹ́ gbéra díẹ̀, awakọ̀ olóòótọ́ lọ sọ fún yáàdì, wọ́n ní kí wọ́n gbé e wá fún ọjọ́ méjì péré. Títí di ìgbà tí mò ń sọ yìí, ewúrẹ́ ló ń jẹko lórí ọ̀nà tí wọ́n gé sílẹ̀. Gbogbo Ọ̀kà ló mọ ìtàn náà. Èmi náà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mo rò pé nítorí pé wọn kò ní ẹni tiwọn ní yáàdì ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo gun òkè lọ wo iṣẹ́. Ẹ̀rọ náà ń kùn, ooru rẹ̀ sì ń jó mí lójú láti òkèèrè. Mo gùn ún kí n lè wo géèjì tó ń wọn ooru. Aṣọ ni mo rí. Ẹnì kan ti fi ìborùn aláró wé ojú géèjì náà, ó sì ta á ní kókó lẹ́yìn bí ìgbà tí obìnrin bá di ọ̀já. Mo mọ ìborùn yẹn. Èmi ni mo rà á fún ìyá mi. Mo tú u, mo rí abẹ́rẹ́ tó ti wọ inú pupa tó jẹ́ àmì ewu.

“Àlùfáà, kí lèyí?”

“Ẹ bi Màámi, ọ̀gá ẹnjiníà. Èmi wakọ̀ ni.”

Ìyá mi ti dé ìtòsí, ó fi ọ̀pá tilẹ̀. Ojú kò tì í rárá. Ní agboolé tiwa, bí ẹnì kan bá dùbúlẹ̀ àìsàn, aṣọ ni wọ́n máa ń ta sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí àlejò má baà rí ojú rẹ̀ kó sì gbé ìròyìn burúkú lọ síta.

“Ara rẹ̀ ló gbóná,” ni ìyá mi wí. “Ta ni ara rẹ̀ kì í gbóná? A ó máa tọ́jú rẹ̀ nílé.”

“Màámi, ẹ̀rọ kì í ṣe èèyàn. Bí ẹ kò bá jẹ́ kó sinmi, yóò kú.”

“Bí wọ́n bá sì gbé e lọ Ìkàrẹ́ ńkọ́? Ṣé yóò yè?” Ó wò mí títí. “Ìwọ tó kàwé, dá mi lóhùn.”

Àlùfáà gbé ojú kúrò lọ́dọ̀ mi. Àwọn ọkùnrin tó wà nídìí àpáta padà sí iná tí wọ́n ń dá. Mo kàn bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà títí n ó fi dé, pé mò ń lọ mú mẹkáníìkì àti rédíétọ̀ wá bá a lórí òkè, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e lọ ibì kankan. Ìyá mi ní ó dára. Mo dá ìborùn rẹ̀ padà fún un.

Mo wọ ọkọ̀ gba Àkùngbá dé Ìkàrẹ́. Ọ̀gá yáàdì ń jẹ ẹ̀pà, kò dá a dúró nítorí mi. Mo ṣàlàyé, mo bẹ̀bẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ọ́ìlì ti rin. Ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹnjiníà, ṣé dókítà máa ń gun òkè lọ bá aláìsàn ni? Ẹ gbé e wá.”

“Ọ̀gá, bí a bá gbé e wá, ẹ ó dá a padà?”

Ó bu ẹ̀pà sẹ́nu. “Ẹ̀yin lẹ fi géèjì sí i. Kí géèjì náà tún un ṣe.”

Ìrọ̀lẹ́ ni mo padà dé Ọ̀kà. Kí n tó dé ìdajì òkè ni mo ti mọ̀, nítorí ibẹ̀ dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Katapílà náà dúró, iwájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, omi ń kán lára rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Àlùfáà jókòó sílẹ̀, ó ń ka tẹ̀sùbáà, kò wò mí. Ìyá mi ni kò fi pamọ́ fún mi. Ó ní wọn kò lè fara dà á láti máa wo òkúta tí wọ́n ti fọ́ tán nílẹ̀. Wọ́n ní kí Àlùfáà kó ìyẹn nìkan kúrò, kó tó pa á. Wọ́n tún bo géèjì. Èéfín funfun bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Àwọn obìnrin tí omi pípọn kàn lọ́jọ́ náà sáré dé pẹ̀lú ìkòkò omi orísun, wọ́n dà á sínú rẹ̀ bó ṣe gbóná yẹn. Ó dún gbàù.

“Àwọn tó wà lókè rò pé àpáta ló sán,” ni ìyá mi wí. “Wọ́n pàtẹ́wọ́.”

Ọ̀rẹ́ mi, ọwọ́ tí wọ́n fi ń sán òkúta láti ayé àwọn baba wa náà ni wọ́n fi sán ẹ́ńjìnnì, kò sì sí ẹni tó rántí nínú wọn pé irin tó gbóná àti àpáta tó gbóná, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà kú. Ọkọ̀ gbọọrọ tí wọ́n fi ń kó katapílà wá gbé e lọ. Àwọn obìnrin tẹ̀ lé e dé ìsàlẹ̀ òkè bí ẹni ń sin òkú. Ìyá mi kò lè bá wọn lọ nítorí orúnkún rẹ̀. Ọ̀nà náà dúró sí ibi tí ènìyàn ti lè rí òrùlé rẹ̀. Ìgbà tó dùbúlẹ̀ àìsàn, orí àga ni àwọn géńdé fi gbé e sọ̀ kalẹ̀ kọjá ibẹ̀, orí àga kan náà ni wọ́n sì fi gbé òkú rẹ̀ gòkè padà. Wọ́n ta ìborùn yẹn bò ó lójú.

Lẹ́yìn ìgbà náà, iṣẹ́ gbé mi dé yáàdì ńlá kan ní Àkúrẹ́. Mo rí katapílà wa níbẹ̀ nínú koríko. Wọ́n ti tú táyà rẹ̀ àti abọ́ rẹ̀, ìjókòó awakọ̀ sì ti di ilé adìẹ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an ni ti àwọn ará apá Ọ̀bà wà, èyí tí wọ́n tètè sọ òtítọ́ nípa rẹ̀. Ìyá mi fi tirẹ̀ pamọ́, àwọn yẹn kò fi tiwọn pamọ́, ibì kan náà ni àwọn méjèèjì parí sí. Mo dúró láàárín wọn, mo ń wá èsì ìbéèrè tó bi mí lórí òkè lọ́jọ́sí. Títí di òní, mi ò tíì rí i. Ohun tí mo mọ̀ ni pé olùkọ́ wa kò kọ́ wa tán. Ó ní kí á fún ẹ́ńjìnnì lẹ́nu. Kò sọ ohun tí a ó ṣe ní ìlú tó jẹ́ pé ẹni tó bá ké pé ara ń ni òun ni wọn kì í rí mọ́.

Mo bẹ ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ yáàdì náà, ó jẹ́ kí n tú géèjì ooru náà. Orí tábìlì mi ló wà bí mo ṣe ń kọ èyí sí ọ. Gíláàsì rẹ̀ kò fọ́. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti padà sí apá òsì, ó sùn síbẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá wò ó pé kò sí ooru, kò sí ewu, ara gbogbo wa le.