Ohun Tí Ọmọ Mi Kò Gbọdọ̀ Jẹ

Ẹyin ni mo kọ́kọ́ mú. Ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún márùn-ún nígbà náà, a lọ kí ìyá mi ní Òde-Ayé lásìkò ọyẹ́. Ó jẹ ẹyin sísè kan láàárọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ń mí bíi pé ẹnì kan fún un lọ́rùn, àyà rẹ̀ sì ń dún fíì, fíì. A gbé e sáré wá sí ọsibítù ní Òkìtìpupa tí à ń gbé. Wọ́n ní ikọ́ fée ni, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ásímà. Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n sì fún wa ní ìnhélà, ike kékeré tí ọmọ máa ń fi sẹ́nu tí yóò fa oògùn inú rẹ̀ nígbà tí èémí bá há. Wọ́n ní kò sí oògùn tó ń lé e lọ pátápátá.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ara mi ò gbà. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, ó sì ti mọ́ mi lára pé kí n wá ibi tí àṣìṣe wà kí n fi bírò pupa fa ìlà sí i. Mo bi ara mi pé, kí ni ọmọ yìí jẹ lọ́jọ́ náà? Ẹyin. Bí ẹyin ṣe kúrò nílé wa nìyẹn.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó tún ṣe é. Mílíìkì ló mu lálẹ́ àná rẹ̀, obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sì ti sọ fún mi pé mílíìkì ló ń sọ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ di púpọ̀ láyà ọmọdé. Mo yọ mílíìkì. Ó tún ṣe é, mo yọ ẹ̀pà. Lẹ́yìn ẹ̀pà, edé. Lẹ́yìn edé, ọsàn, omi tútù, bisikíìtì, àti gbogbo ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Mo kọ gbogbo rẹ̀ gàdàgbà sẹ́yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan, mo fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri ilé ìdáná. Ọmọ mi ti mọ ìwé kà dáadáa nígbà yẹn. Ó máa ń dúró níwájú rẹ̀ kà á bí ìgbà tó ń ka ìwé Bíbélì.

Bí mo ṣe ń yọ ni mo ń fi nǹkan mìíràn rọ́pò. Mo rẹ àlùbọ́sà sínú oyin, síbí kan láàárọ̀, síbí kan lálẹ́. Mo gún ata-ilẹ̀ àti ááyù, mo sè é, mo sẹ́ ẹ. Ó ń jẹ orógbó títí eyín rẹ̀ fi pọ́n. Mo ń fi àdín ra á láyà, gbogbo aṣọ ilé ìwé rẹ̀ sì ń rùn. Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni omi ìgbín. Ìyá mi ló gbé ìgbín náà wá láti oko, ó lu ìdí ìkarahun rẹ̀ fọ́ díẹ̀, ó jẹ́ kí omi rẹ̀ kán sínú kọ́ọ̀bù.

Ó ní, "Mu ún, ọma mi. Mu ún, kí àyà rẹ tú."

Ọmọ náà wo inú kọ́ọ̀bù, ó ní, "Iye, ó ń yọ̀." Iye ni òun náà ń pe ìyá mi, bí gbogbo wa ṣe ń pè é.

Mo dúró tì í, mo mú síbí oyin dání láti fi pa ìtọ́wò rẹ̀ rẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó di imú rẹ̀, ó mu ún. Omi dà lójú rẹ̀, kò sì sunkún. Inú mi dùn pé ọmọ mi gbọ́ràn. Nígbà tí mo bá rántí ìdùnnú yẹn báyìí, ojú máa ń tì mí.

Ìnhélà ńkọ́? Gbogbo ẹni tó bá rí i ló ń sọ pé kí n má fi mọ́ ọn lára, pé ó máa ń di bárakú, pé ọmọ tó bá ti ń fà á kò ní lè fi í sílẹ̀ títí tó fi máa relé ọkọ. Mo gbà wọ́n gbọ́ nítorí pé ó wù mí láti gbà wọ́n gbọ́. Mo dì í sínú ọ̀rá, mo ta á ní kókó, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Mo ní ìgbà tí gbogbo nǹkan bá dójú ẹ̀ nìkan la máa lò ó.

Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìlú Ìkọ̀yà ló ti ń ṣiṣẹ́ epo pupa, ọjọ́ Àìkú nìkan ló sì máa ń jókòó sílé dáadáa. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó wo ọmọ náà nídìí oúnjẹ, ó ní, "Ọmọ yìí ń rù o. Ṣé kò ní jẹun mọ́ ni?"

Orí mi gbóná. Mo ní, "Nígbà tí kò bá lè mí, ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá a mí?"

Ó bu òkèlè rẹ̀. Mo rò pé mo jàre.

Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún méje, ohun tó fẹ́ràn tó ṣẹ́ kù kò ju ìrẹsì àti púpurú lọ. Púpurú ìyá mi ni. Ìyá mi máa ń rẹ ẹ̀gẹ́ sómi títí tó fi máa rọ̀, yóò gbo ó, yóò fún omi inú rẹ̀ dànù, yóò mọ ọ́n roboto, yóò sì tò ó sórí àjà tó wà lókè iná, kí èéfín yan án títí tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi máa dúdú. Bí èèyàn bá ha dúdú yẹn kúrò, inú rẹ̀ á funfun nini. Awakọ̀ tó ń ná Òde-Ayé sí Òkìtìpupa ló máa ń bá wa gbé e wá. Ọmọ mi máa ń gbóòórùn rẹ̀ látinú àpò kí n tó tú u, ó sì mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ti ọjà. Bó bá rí i pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja, yóò jẹun títí yóò fi lá àwo.

Ìgbà kan tó tún ṣe é, mo dúró níwájú kàlẹ́ńdà náà, mo mú bírò dání, mo sọ ọ́ sókè pé ó dà bíi pé púpurú yìí náà ni o. Ọmọ náà wà lẹ́yìn mi. Mi ò kọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo ní tó bá tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, mo máa kọ ọ́.

Kò sì ṣe é mọ́. Oṣù kan kọjá, oṣù kejì kọjá, ó di oṣù mẹ́rin. Inú mi dùn débi pé mo jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì láti jẹ́rìí. Mo di dókítà òjijì. Àwọn ìyá tó bá mú ọmọ wá sí ilé ìwé, tí mo bá ti gbọ́ pé ọmọ wọn ń wúkọ́, mo máa ń fà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì máa ń ka oúnjẹ tí wọ́n máa yọ fún wọn. Mo máa ń ní, "Ẹ wo tèmi. Ó ti lọ."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, mo ń lọ sọ́jà, mo dé ojú títì kí n tó rántí pé mo gbàgbé àpò mi sílé. Mo padà. Mo pe ọmọ náà, kò dáhùn. Aládùúgbò wa kan ń jó ìdọ̀tí lẹ́yìn ilé rẹ̀, èéfín rẹ̀ sì ti bo àgbàlá wa. Mo yí lọ sẹ́yìn láti lọ jà, bó ṣe máa ń ṣe mí. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọmọ mi lẹ́yìn táńkì omi. Ó lóṣòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀, èjìká rẹ̀ ga dé etí. Gbogbo ìgbà tó bá mí, kòtò ọrùn rẹ̀ ń wọnú. Ètè rẹ̀ ti ń dúdú.

Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni, "Kí lo jẹ?"

Ó mi orí. Èémí tí kò tó o, tó yẹ kó fi gbé ara rẹ̀ ró, ni ó ná sórí dídá mi lóhùn. Ó ní, "Mi ò..." Ó mí. "Mi ò jẹ..." Ó tún mí. "Mi ò jẹ nǹkan kan."

Mo sáré wọlé. Mo gun àga, mo gbé ọ̀rá yẹn sílẹ̀, kókó tí mo fúnra mi ta kò tú. Eyín ni mo fi fà á ya. Mo fún un ní ìnhélà náà lẹ́ẹ̀mejì, àyà rẹ̀ tú díẹ̀, kò tó. Mo pe ọlọ́kadà, mo gbé e sáàárín èmi àti ọlọ́kadà náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti àyà mi, mo sì ń gbọ́ ohun tó ń dún nínú rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mí kíkankíkan bíi pé mo lè mí sí i lára. Mi ò lè ṣe nǹkan kan. Láyé mi, mi ò tíì rí ibi tí mi ò ti wúlò tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan fi ìbòmú tó ń rú èéfín oògùn bò ó lẹ́nu àti nímú. Ó bi mí pé kí ni ọmọ náà ń lò nílé. Mo bẹ̀rẹ̀: kò jẹ ẹyin, kò mu mílíìkì, kò fẹnu kan ẹ̀pà, kò jẹ edé.

Nọ́ọ̀sì náà ní, "Ìyá ọmọ, oògùn ni mo bi yín, ẹ̀ ń ka ọjà fún mi." Lẹ́yìn náà, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní oúnjẹ kan lè bá ọmọ kan jà lóòótọ́, àmọ́ a kì í mọ̀ ọ́n nípa fífura. Ó ní oyin kò lè pa á lára, kò sì lè ṣí àyà rẹ̀. Ó ní ìnhélà kì í di bárakú, ó yẹ kó máa wà nítòsí ọmọ ni. Ó wá bi mí bóyá èéfín wà níbi tó wà.

Ìgbà yẹn ni mo rántí Òde-Ayé. Kí n tó di ẹ̀bi ru ẹyin, ọmọ náà ti jókòó sídìí iná ìyá mi láti àárọ̀, ó ń wò ó bó ṣe ń yí púpurú padà nínú èéfín. Gbogbo wa la rí i níbẹ̀. Ẹyin ni mo mú.

Nọ́ọ̀sì náà tẹ̀ sọ́dọ̀ ọmọ. "Ṣé ó ti ń ṣe ọ́ báyìí, tí o ò sọ fún ẹnikẹ́ni?"

Ọmọ náà wò mí kó tó mi orí sókè sílẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

Ìbòmú kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ó na ìka ọwọ́ rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó ká wọn, ó tún nà wọ́n. Oṣù mẹ́rin tí mo fi ń jẹ́rìí kiri nìyẹn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

N kò fẹ́ kí ẹni tó ń ka ìtàn yìí rò pé mo ti wá mọ gbogbo rẹ̀ tán. Ìnhélà wà nínú báàgì ilé ìwé rẹ̀ báyìí, ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi, kì í sì í sún mọ́ iná ìyá mi mọ́. Síbẹ̀, ó ṣì máa ń ṣe é, nígbà mìíràn lọ́jọ́ tí kò sí èéfín, tí kò sí eruku, tí mo jókòó tì í gan-an. Mo máa fún un lóògùn, mo máa dúró. Dídúró yẹn ni apá mi ò ká.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ní ọsibítù ni mò ń sọ. Nígbà tí àyà rẹ̀ rọlẹ̀, wọ́n yọ ìbòmú náà. Ìlà tí ìbòmú náà fà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ bẹ ọmọ mi, mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀, mo kàn ń fọwọ́ pa á lórí. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ṣì há.

Ó ní, "Mọ́mì, tó bá jẹ́ púpurú lẹ máa yọ báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ èyí tí Iye fi ránṣẹ́ tán."