Fóònù Gbígbóná àti Kóòtù Dúdú

Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń fọ ẹ̀gbin ẹlẹ́gbin. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé iṣẹ́ alágbàfọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọṣẹ àti omi. Iṣẹ́ ìríra ni. Mo mọ ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan tó ń fi apá ṣẹ́ẹ̀tì nu imú. Mo mọ ìyàwó ilé kan tó máa ń kó aṣọ oṣù kan jọ sínú ọ̀rá kan ṣoṣo, tútù-tútù bẹ́ẹ̀, á wá so ó pa. Ọjọ́ tí mo bá tú u, àfi kí n kọ́kọ́ sá jáde síta lọ mí ná. Síbẹ̀, ẹ̀gbin ara kò ṣe mí ní nǹkan kan mọ́, ọṣẹ á fọ̀ ọ́. Irọ́ ló ń rí mi lára.

Oníbàárà á gbé aṣọ tó ti ya wá, á tì í sábẹ́ àwọn yòókù. Tó bá di ọjọ́ tó fẹ́ gbà á, á na ìka sí ibi tó ya, á ní èmi ni mo fà á ya. Ọkùnrin kan gbé ṣòkòtò wá tí ọ́ìlì mọ́tò ti mu dé itan, ó dúró níwájú mi, ó fi orúkọ ìyá rẹ̀ búra pé ṣọ́ọ̀bù mi ló ti rí ọ́ìlì. Ibo ni mo ti fẹ́ rí ọ́ìlì mọ́tò? Ṣé ẹ́ńjìnnì ni mo fi ń fọṣọ ni? Nígbà tó sú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò. Kí aṣọ tó kúrò lórí káńtà, mo ti tẹ́ ẹ, iwájú àti ẹ̀yìn, mo ti fi nọ́ńbà rẹ̀ lé e láyà, mo ti yà á. Bó o bá dé tó o ní èmi ni mo bà á jẹ́, n kò ní bá ọ jà. Màá kàn yọ fóònù ni. Ìgbà yẹn lẹ máa rí bí ojú ṣe ń wálẹ̀. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè mí ní Má-Tàn-Mí ní àdúgbò yìí, orúkọ náà sì wù mí.

Fóònù yẹn kò ní ìyọnu tẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń lò ó. Bí mo bá ti fi iná sí i láàárọ̀, ó di ìgbà tí mo bá ń ti ṣọ́ọ̀bù kó tó béèrè òmíràn. Àfi ọjọ́ Ajé kan tí wọ́n kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé ọ́pdéètì tuntun ti dé, pé á jẹ́ kí fóònù yá sí i, kó sì dára sí i. Ta ló bẹ̀ wọ́n? Ọṣẹ wà lọ́wọ́ mi, mo kàn fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kúrò lójú fóònù, mo fi orí ìka kan tẹ̀ ẹ́ pé mo gbà.

Láti ọjọ́ náà ni fóònù ti sọ ara rẹ̀ di ọ̀tá mi. Mo yọ ọ́ lára iná ní ọgọ́rùn-ún, kí n tó fọ búláòsì mẹ́rin, ó ti di ogójì. Kí n tó sá wọn tán, ó ti kú. Ó sì ń gbóná bí ẹni tí ibà ń ṣe. Mo gbé e lọ bá atún-fóònù-ṣe tó wà ní ìkángun òpópónà wa. Ó yí i lọ, ó yí i bọ̀.

Ó ní, "Ọ́pdéètì yẹn ni, Má-Tàn-Mí. Àwọn nǹkan kan ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ tẹ́ ẹ ò rí, àwọn ló ń mu bátìrì. Ẹ ṣì máa fi sórí ṣájà. Wọ́n á fi àtúnṣe ránṣẹ́."

Mo ní, "Àwọn wo?"

"Àwọn tó ṣe é."

"Àwọn tó bà á jẹ́ náà ló tún máa fi àtúnṣe ránṣẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Bí mo bá ba aṣọ oníbàárà jẹ́, ṣé màá ní kó ṣì máa wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé mo ń fi àtúnṣe bọ̀? Wọ́n á lù mí ni. Mo gbé fóònù mi padà, mo gbé e sórí pẹpẹ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí mo ti ń lọṣọ, torí ibẹ̀ nìkan ni iná wà, mo sì so ó mọ́ ṣájà bí ewúrẹ́.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn ni Màmá Tíṣà gbé kóòtù wá. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ìdajì àwọn tó ń rìn lópòópónà wa ló kọ́ ní ìwé kíkà. Òun nìkan ló ń gbé ilé rẹ̀ ní òdìkejì pápá ilé ẹ̀kọ́. Kóòtù ọkọ rẹ̀ ni, dúdú, onírun àgùntàn. Ọkọ náà ti kú láti bí ọdún mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ni Màmá ń gbé kóòtù rẹ̀ wá kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Mo tẹ́ ẹ sórí káńtà, mo fi nọ́ńbà lé e, mo gbé fóònù. Pásẹ́ǹtì mẹ́ta ló kù. Mo ya iwájú, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ láti ya ẹ̀yìn báyìí, ojú fóònù ṣókùnkùn. Mo ṣépè fún un lábẹ́ ahọ́n. Mo ní kò burú, ẹlòmíràn ló ń parọ́, kì í ṣe Màmá Tíṣà.

Lọ́jọ́ kejì, mo ń fi áyọ́ọ̀nù lọ kóòtù náà lọ́wọ́, mo ti tẹ́ aṣọ rírin lé e lórí bó ṣe yẹ, ni òórùn nǹkan tó ń jóná gba imú mi. Fóònù ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Mo fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ níbẹ̀, mo fò lọ já ṣájà kúrò lára ògiri, mo gbé fóònù síta, mo sọ ọ́ sórí sìmẹ́ńtì. Gbígbóná rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi lọ́wọ́. Mo dúró tì í, mo bú u, mo bú àwọn tó ṣe é àti àwọn tó ń tà á. Nígbà tí mo padà wọlé, òórùn náà ṣì ń bẹ nílé, mo ní ti fóònù ló kù. Mo gbé áyọ́ọ̀nù, mo yára parí iṣẹ́ mi, n kò tún ẹ̀yìn kóòtù wò, mo fi ọ̀rá bò ó, mo gbé e kọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, Màmá dé pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Ìyá mú kóòtù, ó gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí oòrùn wà, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó wá pè mí pé kí n wá wò ó. Lẹ́yìn kóòtù náà, nísàlẹ̀ èjìká, ojú kan wà tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹnu áyọ́ọ̀nù gan-an ló yọ síbẹ̀.

"Kí lèyí?" ni Màmá béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe gbé e wá, Màmá."

"Rárá o. Mo yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó gbé e kúrò nílé."

Ọmọ rẹ̀ ní, "Wọ́n ní ẹ máa ń ya fọ́tò. Fọ́tò rẹ̀ dà?"

Fóònù wà lórí pẹpẹ, ó ti kú fin-ín-fin-ín. Mo ní bó ṣe kú lọ́jọ́ tí wọ́n gbé kóòtù wá nìyẹn, n kò rí ẹ̀yìn rẹ̀ yà. Bí mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Ọdún méjìlélógún, n kò jó aṣọ ẹnikẹ́ni rí, kí wọ́n wá dúró sẹ́nu ọ̀nà mi kí wọ́n máa na kóòtù jíjóná sí mi? Mo ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ lọ̀ ọ́ nílé, ẹ ti gbàgbé ni. Ogbó ló dé, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀."

Ẹyin lohùn, wọ́n ní bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọmọ náà yíjú sí ìyá rẹ̀.

Ó ní, "Màmá, ẹ ṣáà gbọ́. Oṣù tó kọjá, ẹ gbé ìkòkò kaná, ẹ jáde, ìkòkò jó di èédú. Áyọ́ọ̀nù ló wá kàn báyìí. Mo ti ń sọ ọ́ pé ẹ ò lè dá gbé mọ́, ẹ ní mò ń purọ́ mọ́ yín. Ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá wá kó yín lọ sọ́dọ̀ mi. A ó fi ilé yẹn háyà."

Mo retí pé kí ìyá náà bá a wí. Mo mọ ẹnu rẹ̀, ẹnu tó fi ń dá ogójì ọmọ jókòó lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kàn fi àtẹ́lẹwọ́ lé ibi tó jóná yẹn, ó ń fi í ra á.

Ó ní, "Bóyá mo lọ̀ ọ́. Bóyá mo gbàgbé lóòótọ́."

Inú mi dùn. Kò yẹ kí n sọ ọ́, ṣùgbọ́n inú mi dùn. Mo bá wọn fi kóòtù sínú ọ̀rá rẹ̀, mo sì sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tó di Sátidé ọ̀sẹ̀ kejì, atún-fóònù-ṣe ní àtúnṣe kò tíì dé, pé kí n ṣì pa àwọn fọ́tò àtijọ́ rẹ́, bóyá ara máa tu fóònù díẹ̀. Mo jókòó ti ṣájà, mo ń pa wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdọ̀tí ọdún mẹ́ta, kọ́là tó dúdú, abíyá tó pọ́n. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Kóòtù dúdú, ẹ̀yìn rẹ̀, nọ́ńbà mi lórí rẹ̀, Ọjọ́rú, aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ àárọ̀. Fóònù ti yà á kó tó kú. Mo fà á kó tóbi. Mo wo abẹ́ èjìká. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, mímọ́ ni.

Òórùn yẹn padà wá sí imú mi. Kì í ṣe fóònù ló ń jóná lọ́jọ́ náà. Mo dúró níta, mo ń bú bátìrì, áyọ́ọ̀nù dojú bo kóòtù olóògbé nínú ilé.

Ìka mi ti wà lórí ibi tí wọ́n ti ń pa á rẹ́. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ó parí nìyẹn, ta ló máa mọ̀? Mo wo ìka náà, ó rí mi lára ju gbogbo aṣọ tí mo ti fọ̀ láyé mi lọ. Gbogbo àwọn òpùrọ́ tí mo ti fi fóònù dójú tì, kò sí èyí tó lé arúgbó kúrò nílé rẹ̀ nínú wọn. Mo já fóònù kúrò lára ṣájà, mo gba inú pápá kọjá.

Àpò mẹ́rin ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Màmá Tíṣà, wọ́n ti dì wọ́n pa. Ọmọ rẹ̀ ti lọ wá ọkọ̀ tí yóò kó ẹrù lọ́jọ́ kejì. Ìyá jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó kù láàárín pálọ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Màmá, èmi ni mo jó kóòtù yín. Kì í ṣe ẹ̀yin."

Ó wò mí tàánú-tàánú. Ó ní, "Ọmọ mi ló rán ọ wá, àbí? Kí n má baà máa sunkún. O ṣeun. Dìde nílẹ̀."

Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi. Ó ń mi orí. Mo yọ fóònù kí n fi hàn án, ó ti kú mọ́ mi lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Bátìrì burúkú. Mo tọrọ ṣájà ọmọ rẹ̀ tó wà lára ògiri, mo kì í bọ̀ ọ́, a sì jókòó. Ó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí fóònù tó tan, kí n tó rí fọ́tò náà ṣí.

Ó yọ ìgò ojú, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Ó ní kí n fà á kó tóbi. Ó ka ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ sókè.

Ó ní, "Láti ọjọ́ Ẹtì yẹn ni mo ti ń wá inú orí mi. Mò ń wá ọjọ́ tí mo lọ kóòtù yìí. Mo wá a títí mo fi rí i. Mo rí ara mi, mo dúró ti tábìlì, mo ń lọ̀ ọ́. Mo tiẹ̀ rántí aṣọ tí mo wọ̀." Ó gbé fóònù lé mi lọ́wọ́. "Ìwọ lo fi í sínú orí mi."

N kò lè gbójú sókè. Bí ọmọ rẹ̀ ṣe wọlé báyìí, Màmá nàka sí mi. Ó ní, "Sọ ọ́ fún un. Má fi fọ́tò hàn án. Ẹnu rẹ ni kó o fi sọ ọ́, bó o ṣe fi ẹnu sọ ti ọjọ́sí."

Mo sọ ọ́ látòkè délẹ̀, òórùn tí mo gbọ́, áyọ́ọ̀nù tí mo fi sílẹ̀, àti ìka tí mo fẹ́ẹ́ fi pa fọ́tò rẹ́. Ọmọ náà gbọ́ mi tán. Ó ní, "Màmá, ìkòkò ńkọ́?"

"Ìkòkò, èmi ni," ni ìyá rẹ̀ wí. "Kóòtù, kì í ṣe èmi. Èyí tí mo bá ṣe ni kí ẹ máa kà sí mi lọ́rùn." Ó yíjú sí mi. "Kó àwọn àpò yẹn padà sí yàrá mi."

Ọmọ rẹ̀ kò sọ pé kí n má kó wọn. Mo kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wúwo. Kò sẹ́ni tó bá mi gbé e.

Àtúnṣe fóònù ti dé báyìí, bátìrì ń dúró di ìrọ̀lẹ́. Mo ṣì ń ya fọ́tò aṣọ. Màmá Tíṣà ṣì wà nílé rẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló máa ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá pẹ̀lú ọ̀rá aṣọ lọ́wọ́, ó ń lọ sọ́dọ̀ alágbàfọ̀ kejì, ọ̀bùn tí kò mọ kọ́là fọ̀. Á dúró, á kí mi dáadáa, á béèrè àlàáfíà mi, á sì máa lọ. N kò pè é padà rí. Bó bá jẹ́ pé èmi ni Màmá, èmi náà ò ní gbé aṣọ mi wá fún ẹni bí èmi.