Aṣọ́gbó Tó Dọ̀bálẹ̀ sí Ẹnu Ọ̀nà

Tìrìmísíyù ará Mushin ò ga, kò sanra, ṣòkòtò péńpé tí ìjọba fún un sì fẹ̀ débi pé èèyàn méjì lè wọ̀ ọ́ láìfara kanra. Ṣùgbọ́n aṣọ́gbó ni, ẹ má fojú di í. Ní ọdún 1954, wọ́n kọ́ òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bí a ṣe ń dáàbò bo erin nínú igbó ọba lọ́nà Ìjẹ̀bú. Òun náà wá ń kọ́ àwọn ará abúlé etí igbó: ẹ má yìnbọn, ẹ má dí ọ̀nà odò mọ́ erin, ẹ sun ata gbígbẹ sí etí oko, yóò gba ibòmíràn lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ṣítù, tó tọ́ ọ dàgbà, ọdẹ ni. Láàárọ̀ Sátidé kan, Tìrìmísíyù yà kí i, ó bá a tó ń di ẹ̀tù sínú àpò.

"Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ ń lọ?"

"Abúlé tìẹ ni. Àwọn tí o kọ́ ní ata sísun ló ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní erin sín títí, ó sín tán, ó tún ń jẹ kókò wọn lọ."

Fàósátù, ìyàwó Ṣítù, bú sẹ́rìn-ín. Tìrìmísíyù ò lè rẹ́rìn-ín. Bí erin yẹn bá kú, ta ni yóò tún gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lábúlé? Èyí tó tún le jù ni pé òun gan-an ni yóò mú ẹni tó bá pa á. Báwo lèèyàn ṣe ń mú ẹni tó pọ̀n ọ́n dàgbà?

Lọ́rì tí yóò gbé Ṣítù lọ sábúlé fọn fèrè níta.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ. Wọ́n ti dí ọ̀nà odò ni, ó dá mi lójú. Ẹ jẹ́ n lọ bá wọn."

"Ṣé o fẹ́ máa pàṣẹ fún mi ni? Kúrò lọ́nà!"

Àbúrò kì í pàṣẹ fún ẹ̀gbọ́n. Tìrìmísíyù ò pàṣẹ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó dábùú ẹnu ọ̀nà, kò sì dìde.

Ṣítù gbẹ́sẹ̀ sókè. Ẹsẹ̀ dúró lófuurufú. Èèwọ̀ ni, ta ní í fẹsẹ̀ dá ọmọ ìyá rẹ̀ kọjá?

"Dìde!"

"Mò ń kí yín ni. Ẹ ò tíì dá mi lóhùn."

"Yéè! Aṣọ́gbó ti di aṣọ́lẹ̀kùn!" Fàósátù ló sọ bẹ́ẹ̀.

Fèrè tún dún. Dẹ́rẹ́bà kígbe pé, "Bàbá ọdẹ, mò ń lọ o!" Ṣítù yíjú sí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Ènìyàn kan ò lè sùn sí ìlẹ̀kùn méjì.

Kí Ṣítù tó débẹ̀, Fàósátù ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ̀rín ti tán lójú rẹ̀.

"Ọjọ́ tí erin tẹ Àkàngbé ọ̀rẹ́ yín pa, èmi ni mo fọ ẹ̀jẹ̀ ara aṣọ yín. Ó yá, ẹ dá mi kọjá."

Ṣítù dúró sáàárín ilé pẹ̀lú ìbọn léjìká. Lọ́rì bú ramúramù, ó lọ, ìró rẹ̀ sì ń jìnnà. Ló bá jókòó sórí àpótí.

"Ẹ kú iṣẹ́. Wọn á pe ọdẹ mìíràn."

Tìrìmísíyù gbórí sókè, eruku kún àgbọ̀n rẹ̀. "Mo gbọ́dọ̀ débẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ni. Ẹ dá mi lóhùn, ẹ̀gbọ́n, kí n lè dìde."

Ṣítù pè é lóríkì: "Àjàní. Dìde. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ."

Tìrìmísíyù fò dìde, ó sáré lọ wá ọkọ̀ mìíràn, kò tilẹ̀ gbọn eruku àyà rẹ̀.